Bí a ṣe ń jí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ àtijọ́ tó ti sùn: "upright" Chicago láti wáyà iná dé ihò owó

Àpótí pákó tó ga dé èjìká àgbàlagbà ni. Gíláàsì aláwòrán wà lókè rẹ̀, ihò owó ẹyọ wà níwájú, ilẹ̀kùn onírin wà nísàlẹ̀. Bí owó bá ti wọ inú rẹ̀, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri lẹ́yìn gíláàsì, á tan agogo, á tan ọsàn, á tan ṣẹ́rì, títí mẹ́ta á fi dúró ní ìlà kan. "Upright" ni wọ́n ń pè é ní Chicago, níbi tí Keeney, Bally àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ti ń ṣe é láàárín 1950 sí 1970. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Wáyà, kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n ká jọ, tó ń fa irin bí iná bá wọ̀ ọ́), mọ́tò iná kékeré kan, àti ewé bàbà tó ń pàdé tó ń pínyà ni ọpọlọ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní sùúrù fi lè jí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn kò ju mẹ́ta lọ: ìdọ̀tí, gíríìsì tó ti dì bí oje igi, àti ọwọ́ ẹni tó ti "tún un ṣe" kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀kẹta yẹn ló burú jù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yìí ti to gbogbo rẹ̀ kó tó jáde. Bí ewé bàbà kan bá wọ́, ènìyàn ló wọ́ ọ. Torí náà fífọ̀ ló ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí, títẹ̀ ewé ló gbẹ̀yìn, ríra ẹ̀yà tuntun sì kéré gan-an nínú rẹ̀.

Bọ́tìnnì tó fara sin

Ẹ máa rí nǹkan méjì nínú àpótí náà tí ẹ kò ní tètè mọ ìlò wọn, àfi bí ẹ bá mọ ìtàn rẹ̀. Lọ́dún 1951, òfin tí wọ́n ń pè ní Johnson Act dá kíkó ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn dúró ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tí a ń fa ọwọ́ rẹ̀, tó ń da owó síta, ni òfin náà dojú kọ jù. Àwọn ará Chicago wá gbé èyí tí kò lọ́wọ́ tí à ń fà jáde, tí kì í sì í da owó: iná rọ́pò àgbá aláwòrán tó ń yí, àmì rọ́pò owó. Bí ẹnì kan bá jẹ, iye àmì rẹ̀ á yọ lórí gíláàsì. Ẹni tó ni ilé ọtí á ka owó fún un láti inú dúrọ́ọ̀, á sì tẹ bọ́tìnnì kan tó fara sin láti pa àmì náà rẹ́. Mítà kékeré kan nínú àpótí ló ń ka iye tí wọ́n pa rẹ́, kí ẹni tó gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ lè mọ iye tí ọlọ́tí san. Lọ́dún 1957, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà wo irú bọ́tìnnì àti mítà bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ pinball (ẹ̀rọ ìṣeré tí bọ́ọ̀lù irin ń sá nínú rẹ̀), wọ́n ní tẹ́tẹ́ ni, owó orí rẹ̀ $250 lọ́dún ni, kì í ṣe $10 ti ẹ̀rọ ìṣeré. Lọ́dún 1962 wọ́n tún fẹ òfin 1951 náà sí i.

Ẹ wá bọ́tìnnì yẹn lábẹ́ àpótí, ní ẹ̀gbẹ́, tàbí lẹ́yìn. Bí wáyà rẹ̀ bá já, àmì kò ní pa rẹ́ mọ́, ẹ ó sì máa tú ẹ̀yà tí kò ṣe nǹkan kan.

Òfin ṣì wà lórí rẹ̀ títí dòní. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kan gbà kí ènìyàn ní i nílé, òmíràn gbà á bó bá ti pé ọdún 25, òmíràn kò gbà rárá. Ẹ béèrè òfin ibi tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì bi kọ́sítọ́ọ̀mù léèrè kí ẹ tó sọ ọ́ sínú kọ̀ǹténà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á ki í bọ iná kó lè wú yín lórí. Ẹ̀rọ tó ti wà ní gáréèjì láti ọjọ́ pípẹ́ lè jó kọ́ìlì mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Gíláàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tẹ àwòrán sí, ooru gílóòbù sì máa ń ṣí ọ̀dà náà bí èèpo. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Kọ́ìlì ṣeé wá, gíláàsì kò rọrùn láti rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé àwòrán wáyà rẹ̀. Inú àpò ìwé tí wọ́n kàn mọ́ ara àpótí ló sábà máa ń wà. Ẹ̀rọ tí kò tan tó níwèé sàn ju èyí tó ń tan tí kò níwèé. Ẹ gbóòórùn inú rẹ̀: òórùn ọ̀dà jíjó túmọ̀ sí pé kọ́ìlì kan ti lọ. Bí ẹ bá rí téèpù dúdú tó yí wáyà ká níbi púpọ̀, tàbí wáyà tí wọ́n gé tí kò lọ síbì kankan, ẹ dín owó náà kù dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọjọ́ yín máa lọ sí. Àmì omi nísàlẹ̀ pákó àti ìgbẹ́ eku náà ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá máa gbé e, ẹ kó gbogbo owó inú rẹ̀ jáde, ẹ yọ gíláàsì kí ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e lọ́tọ̀, kí ẹ sì gbé àpótí náà lóòró. Bí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀, àwọn súkúrù tó ti já bọ́ sísàlẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí á tú ká sínú àwọn ewé bàbà.

Ọ̀rọ̀ iná

Iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún: fóòtì (volt) 115 sí 120, 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Ní Nàìjíríà àti Britain, iná ilé jẹ́ fóòtì 230, 50 Hz. Bí ẹ bá ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà, ó ti tán. Tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 115 ni ẹ nílò, kó má kéré sí wáàtì 500. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo tiransifọ́mà inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí òkè òkun lè ní ẹsẹ̀ wáyà tí wọ́n kọ 220 tàbí 240 sí lára, kó jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ni ẹ máa ṣí kúrò lórí ẹsẹ̀ kan sí òmíràn.

Tiransifọ́mà kò lè yí 50 Hz padà sí 60. Mọ́tò rẹ̀ á yí lọ́ra díẹ̀, bí márùn-ún nínú mẹ́fà eré tó yẹ kó sá, tiransifọ́mà inú rẹ̀ náà á sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Kò ba eré jẹ́, àmọ́ ẹ má fi í sílẹ̀ lórí iná látàárọ̀ dalẹ́.

Láti inú rẹ̀, tiransifọ́mà náà ń bu iná sí méjì: bíi fóòtì 6 fún gílóòbù, àti fóòtì tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún kọ́ìlì (50 ni Bally máa ń lò). Fóòtì 50 kì í sábà pani, ṣùgbọ́n wáyà tó ń bọ̀ láti ara ògiri, tó lọ sí súwíìṣì, fíúsì àti tiransifọ́mà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri kí ọwọ́ yín tó wọ inú àpótí. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó.

Kí ẹ tó fa iná sí i

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku kó ìdọ̀tí jáde láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ ṣa gbogbo nọ́ọ̀tì, súkúrù àti owó tó wà nísàlẹ̀ sínú agolo kan, ẹ má dà wọ́n nù: ara ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti já, ẹ ó sì rí ihò wọn tó bá yá.

Wáyà iná rẹ̀ ni ẹ máa pààrọ̀ láìbéèrè. Wáyà àtijọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ méjì péré, rọ́bà rẹ̀ ti le, ó ń ya bí ìgbà tí a bá ń fọ́ ẹ̀kúrọ́. Ẹ fi wáyà ẹsẹ̀ mẹ́ta dípò rẹ̀, ẹ so ẹsẹ̀ kẹta, èyí tó ń kó iná lọ sílẹ̀, mọ́ ara ilẹ̀kùn onírin, ara tiransifọ́mà àti férémù mọ́tò. Ẹni tó bá sọ owó sí i, irin ló ń dì mú.

Ẹ yọ fíúsì kọ̀ọ̀kan, ẹ ka iye áńpì tó wà lára rẹ̀, ẹ fi wé ìwé tàbí ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò ṣọ̀wọ́n kí ẹ bá fíúsì 20 níbi tí wọ́n kọ 10 sí, tàbí kí ẹ bá bébà fàdákà sìgá tí wọ́n fi wé e. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro tí kò wá, ìṣòro náà ṣì wà níbẹ̀ ó ń dúró dè yín.

Ẹ fi mítà tí àwọn oníná fi ń wọn ohm wọn kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ ń wá ni èyí tó yàtọ̀: bí relay (kọ́ìlì tó ń fa irin láti ti ewé bàbà) mẹ́wàá bá jọra, tí mẹ́sàn-án sún mọ́ iye kan náà, tí ẹ̀kẹwàá wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo, ó ti jó nínú, kò sì gbọdọ̀ rí iná. Bí mítà kò bá mira rárá, wáyà rẹ̀ ti já. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù, torí wáyà tín-ínrín náà sábà máa ń já níbi tó ti wọ ẹsẹ̀ gan-an. Ẹ lè fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà. Ìwé tó wé kọ́ìlì náà á sọ ìtàn: bó bá ti di dúdú, tí rọ́bà inú rẹ̀ ti yọ́ mọ́ irin, ẹ wá tuntun.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi gílóòbù àtijọ́ wáàtì 100, èyí tó ń gbóná, jókòó sójú ọ̀nà iná: kí wáyà kan láti ògiri gba inú gílóòbù kọjá kó tó dé ẹ̀rọ. Ẹ yọ fíúsì gílóòbù inú ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Bí gílóòbù ìta bá tan yòò bí ẹni pé òun nìkan ló wà lórí iná, wáyà ti kan ara wọn níbì kan nínú ẹ̀rọ. Ẹ yọ ọ́ kíá. Bó bá kọ yẹ̀rì tó sì ṣókùnkùn, tàbí tó pọ́n díẹ̀, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ. Gílóòbù yẹn kò gba ju ìwọ̀nba iná lọ, òun ló dáàbò bo kọ́ìlì yín.

Ewé bàbà àti ojú fàdákà

Relay ni kọ́ìlì tó ń fa irin kan, irin náà a sì máa ti ewé bàbà méjì, mẹ́fà, nígbà míì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé kọ̀ọ̀kan ní ojú fàdákà kékeré kan lórí. Àwọn kan ń pàdé nígbà tí relay bá fà, àwọn kan ń pínyà, àwọn kan sì ń kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan lọ bá òmíràn. Èrò gbogbo ẹ̀rọ náà kò ju ìyẹn lọ.

Fàdákà tó ti dúdú ṣì ń gbé iná, ẹ má bẹ̀rù àwọ̀ rẹ̀. Eruku àti ọ̀rá ló ń dí i. Ẹ gé bébà líle tí kò ní ọ̀dà, bíi káàdì àdírẹ́sì, ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rẹ orí rẹ̀ sínú sìpírítì isopropyl tó tó 90%, ẹ fi sáàárín ojú méjèèjì, ẹ rọra tẹ ewé pa pọ̀, ẹ sì fa bébà náà jáde. Ìlà dúdú á wà lára rẹ̀. Ẹ tún ṣe é títí yóò fi jáde ní funfun. Bí ojú náà bá ti jó tó ní ihò, fáìlì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní flexstone ni ẹ máa lò, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹ má lo sáńpépà láéláé. Iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ á wọ inú fàdákà, á sì jókòó síbẹ̀ bí òkúta nínú ìrẹsì.

Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ fi ìka tẹ irin relay náà kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ojú méjèèjì bá pínyà, àyè àárín wọn yẹ kó tó mílímítà kan àti ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n bá pàdé, ewé tó gùn yẹ kó ti èkejì sẹ́yìn díẹ̀ kó tó dúró, ó kéré tán ìdajì mílímítà. Títì díẹ̀ yẹn ló ń nu ojú wọn nígbà gbogbo tí wọ́n bá pàdé. Ewé tó kàn fẹnu kan èkejì lásán á ṣiṣẹ́ lónìí, á kọ̀ lọ́la.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ìdí ewé ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, níbi tó ti jáde láti àárín páálí, kì í ṣe ọ̀nà orí. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pàápàá, ẹ kọ́kọ́ dè súkúrù méjì tó gbá gbogbo ewé náà jọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, súkúrù yẹn ló dẹ̀, ewé kankan kò wọ́. Ẹ máa ṣe é díẹ̀díẹ̀: ẹ tẹ ọ̀kan, ẹ dán an wò, kí ẹ tó lọ sí òmíràn. Ẹni tó bá tẹ ogún ewé lójú kan kò ní mọ èyí tó bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́.

Relay tó ń kùn bí oyin ní ìdọ̀tí láàárín irin àti orí kọ́ìlì, tàbí súkúrù ìdí kọ́ìlì rẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ dè é. Kíkùn yẹn ń mú kọ́ìlì gbóná.

Onígbésẹ̀

Ẹ̀yà tó ń ka àmì ni èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stepper. Kọ́ìlì kan ń fa ìkọ́, ìkọ́ ń ti àgbá kékeré eléyín ayùn síwájú ní eyín kan ṣoṣo. Ọwọ́ bàbà tó so mọ́ àgbá náà ń rìn lórí àwo búráùn tí orí ìṣó bàbà yí ká, bí aago. Kọ́ìlì kejì ń gbé ìkọ́ ìdádúró sókè, sípíríìngì á sì dá gbogbo rẹ̀ padà sí òdo.

Ibí ni gíríìsì àtijọ́ ti ń pani lára jù. Bó bá dì, ọwọ́ bàbà á rìn ìdajì ìgbésẹ̀, á dúró sí àárín orí ìṣó méjì, gílóòbù méjì á tan pa pọ̀ tàbí kí ẹyọ kan má tan. Àwọn kan á fún WD-40, òróró inú agolo, sí i. Ó máa ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà òróró yẹn á kó eruku jọ, á di àmọ̀, á sì burú ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ tú u ni.

Ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ sàmì sí ibi tí ọwọ́ bàbà dúró sí lórí àwo, ẹ ya fọ́tò. Ẹ ka iye ìgbà tí sípíríìngì yí kó tó tú. Méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi sìpírítì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ọ̀pá àárín, ihò rẹ̀, eyín àgbá àti ìkọ́ méjèèjì. Ẹ fi kànrìnkàn aláwọ̀ ewé tí a fi ń fọ ìkòkò pa orí ìṣó bàbà títí á fi dán, ẹ sì fi sìpírítì nù ún kí èérún bàbà má bàa ṣẹ́kù láàárín wọn. Ẹ fi ìka kan pa gíríìsì Teflon fẹ́ẹ́rẹ́ sórí àwo náà, bí ẹni ń fi ìpara pa ojú ọmọ tuntun. Bí ẹ bá lè rí i pẹ̀lú ojú, ó ti pọ̀ jù. Ọ̀pá àárín kò nílò nǹkan kan, ó pọ̀ tán kí ẹ kán ẹ̀kán òróró fẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i.

Ẹ tò ó padà, ẹ má tíì fa iná sí i. Ẹ fi ìka ti ìkọ́ láti òdo títí dé òpin, kí ẹ máa wo ọwọ́ bàbà: kó dúró sí àárín orí ìṣó nígbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìkọ́ ìdádúró sókè. Ó gbọ́dọ̀ fò padà sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà, tàà! Bó bá lọ́ra lójú ọ̀nà, ìdọ̀tí ṣì kù, ẹ tú u padà. Ẹ má yí sípíríìngì kún un. Sípíríìngì tó le jù á mú kó fò padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́ìlì tó ń tì í síwájú kò ní lágbára tó mọ́, á máa kùn láìrìn, á sì jó.

Mọ́tò àti kámù

Eré kan, ìyípo kan ni. Bí owó bá wọlé, mọ́tò á yí ọ̀pá tó ní kámù bíi mélòó kan lára, ìyẹn àwo tó ní ihò létí tó ń ti ewé bàbà. Kámù kìíní á pa eré tó kọjá rẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e á tú ọwọ́ bàbà mẹ́ta tó ń wá àwòrán sílẹ̀, òmíràn á dá wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó gbẹ̀yìn á wò ó bóyá ẹ jẹ. Lẹ́yìn náà ó wọnú ihò ilé rẹ̀, mọ́tò á kú.

Mọ́tò tó ń yí láìdúró: ewé tó wà lórí kámù ilé kò pínyà, tàbí relay tó gbé e dìde kò sọ ọ́ sílẹ̀. Mọ́tò tó ń kùn tí kò yí: gíríìsì inú àpótí eyín rẹ̀ ti di òkúta, ẹ ṣí i, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ tuntun. Bí ìlà kan nínú mẹ́ta bá ń dúró sórí àwòrán kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ má wá a nínú relay. Ọwọ́ bàbà ìlà yẹn kò yí, ó ń yọ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀ tàbí kọ́ìlì ìdádúró rẹ̀ kò tú u sílẹ̀. Ẹ má kó ìka sítòsí kámù nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Ó ń buni jẹ.

Ihò owó

Owó kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ìbéèrè mẹ́ta kó tó kọjá: ìbú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tó tóbi jù kò wọlé. Èyí tó fúyẹ́ kò ní lágbára láti tẹ òṣùwọ̀n kékeré tó ń mì síwájú. Irin á lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Bàbà àti lẹ́ẹ̀dì kò ní lẹ̀, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì ń fa wọ́n sẹ́yìn lọ́nà tó yàtọ̀ síra, eré tí wọ́n bá bá jáde ni yóò sọ ibi tí wọ́n máa bọ́ sí. Nickel Amẹ́ríkà, sẹ́ǹtì 5, jẹ́ mílímítà 21.21 ní ìbú àti gíráàmù 5. Quarter, sẹ́ǹtì 25, jẹ́ mílímítà 24.26. Lọ́dún 1965 ni wọ́n yọ fàdákà kúrò nínú quarter, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yan àdàlù bàbà tí irú mágínẹ́ẹ̀tì yìí kò ní kọ̀. Ìdí nìyẹn tí ihò 1958 ṣì fi ń gba quarter òde òní. Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ ní Britain lè máa béèrè sixpence, mílímítà 19.41, tí wọn kò ná mọ́ láti 1980. Àwọn oníṣòwò owó àtijọ́ ń tà á.

Ọtí àti omi ọsàn tó ti dà sí i ni àrùn ihò owó. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, ẹ fi téèpù fa èérún irin kúrò lára mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kán òróró kankan sí i. Ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí òṣùwọ̀n náà: bí kò bá mì, ó ṣì dọ̀tí.

Bí iná bá wà, tí gbogbo owó ṣì ń padà jáde, ẹ wo kọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà owó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa irin kan kúrò lójú ọ̀nà nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣetán. Bó bá ti kú, tàbí tí relay kan nínú kò tíì padà sílé, owó á máa padà. Bí owó bá wọlé tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ẹ wo wáyà tín-ínrín tó dábùú ọ̀nà rẹ̀: ìwọ̀n owó kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ tó láti tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ̀rọ yín bá yàtọ̀ sí èyí tí a ti ń sọ, tó ń san owó fúnra rẹ̀, bíi Money Honey tí Bally gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ní agbada tí àgbá kan ń yí nínú rẹ̀, tó ń gbé owó lọ́kọ̀ọ̀kan sókè síta. Owó kọ̀ọ̀kan ń ti ewé bàbà kan bó ti ń jáde, ewé yẹn ló ń kà á. Bó bá ń san ju bó ṣe yẹ lọ, ewé náà ń fo owó kan. Bó bá ń dín in, ó ń ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fọ owó náà pàápàá.

Gílóòbù

Ẹ wo nọ́ńbà ìdí rẹ̀. #44 ń jẹ áńpì 0.25, #47 ń jẹ 0.15, fóòtì kan náà ni wọ́n ń lò. Ogójì #44 jẹ́ áńpì 10. Ogójì #47 jẹ́ 6. Ooru tó dín kù yẹn ni ọ̀dà gíláàsì yín ń fẹ́. Bí ọ̀kan kò bá tan, ẹ yí i nínú ihò rẹ̀ kí ẹ tó ra tuntun. Ìpẹtà ìdí rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má fi omi nu ẹ̀yìn gíláàsì.

Wíwá ibi tó ti já

Ó kù kí ẹ wá ohun tí fífọ̀ kò tún ṣe. Ẹ tẹ́ ìwé àwòrán wáyà sílẹ̀. Ó ya ẹ̀rọ náà bó ṣe rí nígbà tí iná kò sí lára rẹ̀, tí gbogbo onígbésẹ̀ wà lódo, tí mọ́tò wà nílé. Ẹ wá kọ́ìlì tó yẹ kó fà tí kò fà, kí ẹ sì ka ìwé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ẹ mú wáyà kan tó ní kílíìpù ní orí méjèèjì. Fún ìdánwò yìí, iná máa wà lára ẹ̀rọ, torí náà ẹ má fọwọ́ kan wáyà tó ń bọ̀ láti ara ògiri. Ẹ fi orí kan gbá ẹsẹ̀ fíúsì kọ́ìlì, níbi tí iná ti ń jáde. Ẹ fi orí kejì kan ẹsẹ̀ kọ́ìlì náà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn súwíìṣì (ìyẹn àwọn ewé bàbà), fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bó bá fà, kọ́ìlì dára. Ẹ gbé e sẹ́yìn kọjá súwíìṣì tó sún mọ́ ọn jù, ẹ tún kàn án. Ó fà? Ẹ kọjá èyí tó tẹ̀ lé e. Níbi tó bá ti kọ̀, súwíìṣì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yẹn ni, tàbí wáyà tó jáde láti ara rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí orí kejì má kan ẹsẹ̀ kọ́ìlì òdìkejì, èyí tó padà sí tiransifọ́mà. Fíúsì á jó.

Wáyà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ara àti àwọ̀ ìlà, bíi funfun onílà pupa. Bí àwọ̀ bá ti ṣá tí ẹ kò lè mọ pupa yàtọ̀ sí ọsàn, ẹ ya ìdì wáyà náà sọ́tọ̀ díẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé. Àwọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó so ilẹ̀kùn mọ́ àpótí: ẹ yọ ọ́, ẹ kì í padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ sábà máa ń wá láti ibẹ̀.

Nígbà tó bá ti ń ṣeré, ẹ sọ owó sí i nígbà ọgọ́rùn-ún ní ìjókòó kan kí ẹ tó dé e. Ẹ fọwọ́ kan kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà, iná ti kúrò: èyí tó gbóná tí ẹ kò fi lè gbé ọwọ́ lé e ń rí iná nígbà tí kò yẹ. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sórí bébà, ewé tí ẹ tẹ̀, fíúsì tí ẹ fi sí i, ọjọ́ rẹ̀, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwòrán wáyà.